A Dúpẹ́ Ti Kúrò Lẹ́nu Bàbá Rẹ

Memunat ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Ìsọlọ̀, ṣé àwọn aláìsàn rẹ kò yọ ọ́ lẹ́nu jù? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ tí o fi ń tọ́jú ènìyàn rọ, àmín. Àgbàdo wa ti gbó, ewúrẹ́ ti bí ìbejì, òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò.

Nígbà tí Wàsílátù ọ̀rẹ́ rẹ wálé ọdún Iléyá láti Òkè-Àfà, ó sọ fún gbogbo àdúgbò pé wọ́n ti kọ́ ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ní iṣẹ́ tuntun, pé ẹ ń tọ́jú àwọn tí ìbànújẹ́ ti di àìsàn sí lára, àti pé ọ̀rọ̀ lẹ máa ń bá wọn sọ, ẹ kì í tètè fa abẹ́rẹ́ yọ. Ojú tì mí. Mo rò pé o ti ṣẹ ọ̀gá rẹ ni wọ́n fi gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Ṣùgbọ́n o mọ bí bàbá rẹ ṣe wà láti ìgbà tí Ọláyanjú àbúrò rẹ̀ ti kú: kò lọ oko, kò jẹun gidi, ògiri ló ń wò ṣúlẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé òun náà fẹ́ tẹ̀lé e. Ni o bá pè lórí fóònù tí a fi ń rí ara ẹni. Nítorí o ní ọkàn ni àìsàn náà wà, mo gbé fóònù lé e láyà, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn dáadáa. O ní òkùnkùn nìkan lò ń rí, mo ní ohun tí òun náà ń rí nìyẹn.

O wá ní kí n gbé e síwájú ojú rẹ̀. O bi í bóyá ó ń sùn, ó ní a dúpẹ́. O bi í bóyá oúnjẹ ń lọ, ó ní a dúpẹ́. Inú mi dùn, mo rò pé ó ti yege ìdánwò náà. Àfi bí o ṣe bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó má dúpẹ́ mọ́, kó sọ ohun tó ń ṣe é. Ó wá ní òun ò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Ọláyanjú, ó sì bú sẹ́kún. Mo fẹ́ gba fóònù, o ní kí n jẹ́ kó sunkún.

Memunat, o ṣe é. Oko tí o ní kó máa lọ láàárọ̀, ì báà jẹ́ kó kàn débẹ̀ kó padà, ó ń lọ, o sì ń pè é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lánàá ó ru iṣu dé, ó tún bá mi jà pé iyọ̀ ọbẹ̀ kò tó. Mo fi ìjà náà yangàn fún gbogbo ilé. Àwọn ará àdúgbò ti ń wá ṣí àyà sílẹ̀ fún fóònù mi, mo ní ojú ni, kì í ṣe àyà, èmi náà ti di nọ́ọ̀sì.

Jọ̀wọ́, fi owó dátà ránṣẹ́, kí o fi ti páànù òrùlé lé e bó bá ṣẹ́kù. Bí o ṣe gbé bàbá rẹ dìde, Ọlọ́run yóò gbé ọ ga, láti Ìsọlọ̀ dé Òṣòdì, ire ni wọn yóò máa fi orúkọ rẹ ṣe.

Bí o bá sì tún pè, bàbá rẹ nìkan kọ́ ni kí o béèrè. Bi èmi náà bí mo ṣe ń sùn. Mi ò ní sọ pé a dúpẹ́.

Ìyá rẹ ni,
Nimotallahi