Bàbá Ṣeétú àti Ilé Oúnjẹ tí Wọ́n Fi Bóòtù Dè

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta, Màmá ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìn ilé oúnjẹ wọn nígbà tí fọkanáísà tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ tuntun wọlé, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá ti lọ síbẹ̀ láti àárọ̀ pẹ̀lú okùn àti èèkàn mẹ́rin, láti wọn ibi tí wọn yóò kó ilé oúnjẹ náà lọ. Ọkùnrin náà ní Bàbá jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan pé kí àwọn sinmi díẹ̀, wọn kò sì dìde mọ́. Màmá kò pariwo. Wọ́n gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ti wọn ilẹ̀ náà tán?"

"Ó ku igun kan, Mà," ni ọkùnrin náà dáhùn, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

A bí Bàbá ní ọdún 1952, nínú ilé oníyàrá méjì tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí èbúté. Gbẹ́nàgbẹ́nà ọkọ̀ ojú omi ni bàbá wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá tó bí i. Ìyá wọn ń fọ aṣọ fún àwọn awakọ̀ òkun. Àkọ́bí nínú ọmọ márùn-ún ni Bàbá.

Wọ́n wọ ilé ìwé ìjọ ní 1959. Olùkọ́ wọn rí i pé ẹ̀yìn ìwé ìṣirò wọn kún fún àwòrán ilé. Ó nà wọ́n lẹ́gba méjì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ra rúlà fún wọn. Rúlà náà ṣì wà lórí tábìlì wọn títí di òní.

Ní 1974, Bàbá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọgbà tí wọ́n ti ń tún kọ̀ntéínà ṣe, wọ́n sì lo ọdún mẹ́tàlélógún níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí Màmá, tí ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ lábẹ́ tapólì. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì ní 1979. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, tapólì ya, ọkọ ìyàwó sì ṣèlérí níwájú àwọn àlejò tó ti rin gbingbin pé òun yóò kọ́ ilé oúnjẹ tí òjò kò ní ráyè wọ̀ fún aya òun.

Ìlérí náà pẹ́, ṣùgbọ́n kò jẹrà. Ní 1998, Bàbá ra kọ̀ntéínà mẹ́ta tí àwọn ọlọ́kọ̀ òkun ti pa tì, wọ́n sì fi kọ́ ilé oúnjẹ náà. Àṣìṣe kan wà nínú iṣẹ́ náà tí wọn kò fi pamọ́ rí. Wọ́n gé ògiri gígùn kan kúrò pátápátá, kí oníbàárà lè máa wo títì. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí òrùlé fi tẹ̀ wọlé bí ẹ̀yìn arúgbó ẹṣin. Bàbá fúnra wọn sọ fún àwọn tó ń jẹun pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ̀bi mi ni. Mo rò pé ògiri yẹn kàn dúró lásán ni, àṣé ó ń rẹrù." Wọ́n tilẹ̀kùn fún oṣù kan, wọ́n ri òpó irin mọ́lẹ̀, wọ́n sì gbé ọ̀pá irin gígùn lé e lórí láti gbé òrùlé ró.

Lẹ́yìn náà, ilé náà di àwòṣífìlà. Bàbá gbé òrùlé kejì sókè díẹ̀ lórí ti àkọ́kọ́, kí afẹ́fẹ́ máa gba àárín wọn. Omi òjò ń ṣàn lọ sínú àgbá, òun ni wọ́n fi ń fọ abọ́. Àkísà láti ọ̀dọ̀ àwọn aránṣọ ni wọ́n kì sí inú ògiri kí ooru má bàa wọlé. Ògiri kan ń wálẹ̀ lọ́sàn-án láti di ilẹ̀ tí èrò ń jókòó sí. Bí ọjà bá tú, á padà sókè láti di ògiri.

Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná jó àwọn kọ̀ntéínà náà pọ̀. Bóòtù mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, irin tí à ń fi sípánà yí, ni wọ́n fi dè wọ́n. Àwọn wẹ́dà àdúgbò sọ wọ́n ní Bàbá Ṣeétú, nítorí ilé tó ṣeé tú, wọ́n sì ń fi wọ́n ṣẹ̀sín: "Bàbá Ṣeétú, ṣé ilé lẹ kọ́ ni, àbí àgọ́?"

Bàbá á rẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀ kì í ṣe tiwa. Ohun tí a bá gbé ka ilẹ̀ onílẹ̀, ẹ jẹ́ kó mọ ọ̀nà ilé."

Ní oṣù Kìíní ọdọọdún, wọn á tú bóòtù kọ̀ọ̀kan díẹ̀, wọn á fi gírísì pa á, wọn á tún dè é padà. Màmá a máa ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, bóòtù yìí mà ń jẹ gírísì ju bí oníbàárà ṣe ń jẹ ọbẹ̀ lọ."

Bàbá kọrin ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin fún ogójì ọdún. Wọn kì í tètè dé, ṣùgbọ́n wọn kì í pa ìsìn jẹ. Ní 2009, wọ́n fi kọ̀ntéínà méjì kọ́ yàrá ìkàwé fún ilé ìwé ìjọ lọ́fẹ̀ẹ́. Àṣà wọn ni pé wọn kì í de bóòtù ìkẹyìn ilé kankan. Ẹni tí yóò máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló ń dè é. Olùkọ́ àgbà ló de ti yàrá ìkàwé náà, tòun ti aṣọ funfun, gírísì sì kùn ún dé ìgúnpá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, onílẹ̀ ní kí wọ́n kó kúrò kí oṣù Kẹta tó parí. Bàbá ní ọjọ́ mẹ́ta ti tó láti tú ilé náà kí wọ́n sì tún un tò sórí ilẹ̀ tuntun. Ikú kò jẹ́ kí wọ́n rí i.

Nígbà tí Bàbá kú, àwọn wẹ́dà wá kí Màmá, wọ́n sì gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n ta ilé náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. "Ilé ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kò lè tú mọ́, Mà. Ìpẹtà á ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀." Màmá mọ̀ pé bí àwọn bá tà á, iná ìdáná àwọn kú nìyẹn. Wọ́n ní, "Ẹ bá mi gbé sípánà Bàbá àwọn ọmọ mi wá."

Ọmọkùnrin wọn tó jẹ́ awakọ̀ akẹ́rù fi sípánà sí bóòtù àkọ́kọ́. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì ṣí bí ìdérí ìkòkò. Ọ̀kan nínú àwọn wẹ́dà bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ní, "Sípánà tèmi dà?" Màmá kọjú sí ògiri. Ìgbà náà ni wọ́n tó sunkún.

Àbígbẹ̀yìn wọn ló lọ ri èèkàn kẹrin mọ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta náà ni iṣẹ́ gbà kí ilé náà tó dúró sórí ilẹ̀ tuntun.

Bàbá fi aya sáyé lọ, àti ọmọ mẹ́ta: nọ́ọ̀sì kan, awakọ̀ akẹ́rù kan, àti àbígbẹ̀yìn tí ń bá ìyá rẹ̀ dáná, ọmọ-ọmọ méje, àbúrò obìnrin kan, àti ọ̀pọ̀ oníbàárà tí wọ́n ń pè wọ́n ní Bàbá.

Bóòtù kan ló kù tí wọn kò tíì dè, lára òpó ẹnu ọ̀nà ìdáná. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, Màmá so ìró wọn le, wọ́n gbé sípánà tí ọwọ́ Bàbá ti fá dán, wọ́n sì yí i títí kò fi yí mọ́. "Ó ti le, Bàbá àwọn ọmọ mi. Ẹ sùn re. Òjò kò ní wọlé." Wọ́n wá ti ìka bọ inú agolo gírísì, wọ́n sì rọra fi pa bóòtù náà yíká.