Ọ̀rọ̀ Ẹnu Bàbá Rẹ Tí Fóònù Kò Tún Ṣe

Àkọ́bí mi,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ò pa ọ́ lára jù? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ. Èmi náà wà, ó kàn rẹ̀ mí ni, ó rẹ̀ mí débi pé orí àga tí mo jókòó sí kọ lẹ́tà yìí, mi ò mọ ìgbà tí n óò dìde níbẹ̀.

Àlàyé tí o ṣe nípa iṣẹ́ rẹ yé mi dáadáa. O ní ọ̀rọ̀ máa ń bà jẹ́ nínú afẹ́fẹ́ kó tó dé etí ẹni tí a pè, pé ẹ̀rọ kan tó kéré ju hóró ìrẹsì lọ ló ń tún un ṣe nínú fóònù, ìwọ lo sì ń ya ọ̀nà tí iná máa gbà nínú rẹ̀ kó má baà jẹ bátìrì. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé fóònù sẹ́nu bàbá rẹ lọ́jọ́ tí o pè. Láti ìgbà tí àìsàn ti mú apá kan ara wọn, ọ̀rọ̀ wọn ò já gaara mọ́, mo sì ní bó bá bà jẹ́ lọ́dọ̀ wa, á dé ọ̀dọ̀ rẹ ní pípé. O ní o gbọ́. Ìgbà tí mo bi ọ́ pé kí ni wọ́n wí, o ní ohùn wọn lo gbọ́, ọ̀rọ̀ náà ò yé ọ. Mo gbé fóònù lọ bá ẹni tó ń tún un ṣe, kó wò ó bóyá ẹ̀rọ ọmọ mi ti já bọ́ nínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni bàbá rẹ ń sọ lójoojúmọ́. Mo gbé omi wá, wọ́n kọ̀. Mo fi aṣọ bò wọ́n, wọ́n ká a kúrò, omi á sì lé ròrò sí wọn lójú. Ó dùn mí, ọmọ mi, ó sì tán mi lókun.

Ni mo bá rántí pé o ní ẹ̀rọ rẹ kì í yára pinnu. “Ó jọ pé” ló máa ń sọ, iná á pọ̀ díẹ̀ bó bá dá a lójú, á kéré bí kò bá dá a lójú, á sì máa bi àwọn ẹ̀rọ bíi tirẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ohùn wọn á fi ṣọ̀kan. Mo pe àbúrò mi àti nọ́ọ̀sì tó ń wá wẹ bàbá rẹ. Èmi ní ó jọ pé mo gbọ́ “jẹ”. Àbúrò mi ní ó jọ “ọmọ” létí òun. Nọ́ọ̀sì ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, àmọ́ bí wọ́n bá ti sọ ọ́ tán, wọ́n á máa wo òun lójú bí ẹni tó ń retí èsì. A kó o pọ̀. Mo tẹ̀ sí wọn létí, mo ní, “Ṣé ọmọ ti jẹun lẹ ń bèèrè?”

Bàbá rẹ di ọwọ́ mi mú, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, òògùn wọn ń tán lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní dójú tì ọ́, wàá rí ẹni tí yóò tọ́jú ìwọ náà. Ṣùgbọ́n kí owó tó dé, kọ́kọ́ pè wá, kí o dá bàbá rẹ lóhùn.

Èmi ni, ìyá rẹ.