Murdo Gunn Kò Gba Ọ̀fẹ́

Sí Ìyá wa, Ìyáàfin Ishbel Gunn, àti gbogbo ẹbí,

Pẹ̀lú ọkàn tó gbọgbẹ́ ni àwa ọmọ Ẹgbẹ́ Agbágọ́ọ̀fù Kilmorrie fi ń bá yín kẹ́dùn ikú ọkọ yín, Murdo, tí abo màlúù kàn pa lórí pápá wa lọ́jọ́ Sátidé. A kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo irú ikú òǹrorò bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó dùn wá wọ akínyẹmí ara.

Murdo ti lé lọ́gọ́ta ọdún kó tó fi ọkọ̀ ìpẹja sílẹ̀, tó sì kọ́kọ́ di ọ̀pá gọ́ọ̀fù mú. Bí ẹni ń pa ejò ló ṣe ń gbá a. Ó ń ṣẹ́ ọ̀pá lórí orúnkún. Ó fìbínú ju àpò rẹ̀ sókun rí, ó sì tún wọ omi lọ gbé e. Ohun kan ṣoṣo ló ń lé: kó gbá bọ́ọ̀lù yíká ihò méjìdínlógún, kí iye ìgbà tó fi ọ̀pá lù ú má pé ọgọ́rùn-ún. Ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́ rí. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yáná nílé, ó wà létí òkun nínú ìjì, ó ń na bọ́ọ̀lù, ó ń bú atẹ́gùn. Ojú rẹ̀ ló ń ti àwa àgbà tó kù tí a kò fi jókòó sílé. Òun náà ló ru òkúta tí a fi dínà òkun nígbà tí ìgbì gbé ihò kẹfà lọ.

Ẹ mọ̀ pé màlúù abúlé ń jẹko lórí pápá wa. Òfin sì gbà pé kí ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá sún mọ́ wọn gbé e kúrò lọ́fẹ̀ẹ́, láìkà á kún iye ìgbà tó gbá a. Murdo gbé tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ni Wattie Munro, ọ̀rẹ́ rẹ̀, bá ní, "Baba arúgbó, ìwọ kọ́ lo gbá a o, màlúù ló bá ọ gbá a!" Ẹ̀ṣẹ́ kan ni Murdo fi yọ eyín rẹ̀ méjì. Ó búra pé òun kò tún ní gbé bọ́ọ̀lù nítorí ẹran mọ́.

Ní Sátidé, ihò kan péré ló kù, àlá rẹ̀ sì fẹ́ ṣẹ. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ bọ́ sẹ́bàá abo màlúù kan.

Wattie kígbe, "Gbé e, Murdo! Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni!"

"Panu mọ́!"

Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù ṣì wà lókè nígbà tí ẹran náà dé orí Murdo. Ó fi ìwo sọ ọ́ sókè, ó tẹ àyà rẹ̀ fọ́. Wattie fi ọ̀pá lu màlúù náà títí ọ̀pá fi ká.

Láàárín ọ̀rẹ́, bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ẹnu ihò, a máa ń fi í ta onítọ̀hún lọ́rẹ, kó má wulẹ̀ gbá a mọ́. Wattie kò ṣe é fún Murdo rí. Lọ́jọ́ náà, ó kúnlẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, ó ń sunkún: "Ó ti dé ẹnu ihò. Mo fi í ta ọ́ lọ́rẹ."

Ọkọ yín lajú. "Aláìléyín, tọ́jú ọrẹ rẹ. Gbé mi dìde, kí n lọ gbá a."

Bí a ṣe ń gbé e dìde ló kú.

Àwa ni yóò gbé pósí rẹ̀. Wattie ní òun ni yóò máa la igi ìdáná yín láti ìsinsìnyí lọ. Bọ́ọ̀lù náà ṣì wà níbi tó dúró sí, a ti fi okùn yí i ká. A kò lè sọ pé ó wọlé, Murdo yóò bú wa láti inú sàréè.

Kí Ọlọ́run tó ni ìtùnú tù yín nínú. Ọ̀fẹ́ ni ìtùnú Ọlọ́run, Ìyá wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ẹ gbà á.

Eilidh Ross,
Akọ̀wé, ní orúkọ gbogbo ẹgbẹ́