Bàbá, Ẹ Pe Àbẹ̀kẹ́ Mọ́ Wọn

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ o. Lóòótọ́, orí àga ilé ìdáná ni mo jókòó sí ní Lithonia lókè òkun, níbi tí mo ti ń kọ ìwé yìí, ṣùgbọ́n ẹ bá mi kà á sí ìkúnlẹ̀. Màmá mi, ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. Mo kí Bàbá Kékeré, mo kí gbogbo ará agboolé wa ní Ìkirè, mo sì kí ìjọ tí ẹ jẹ́ alàgbà fún.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń ka lẹ́tà ọmọ yín. Mo ti gbìyànjú fóònù títí. Lórí fóònù, bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibi tí ẹ kò fẹ́, ẹ ó ní iná inú rẹ̀ ń tán lọ, bẹ́ẹ̀ Màmá ti sọ fún mi pé ó kún dẹ́múdẹ́mú. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn yìí, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti mọ̀ pé ẹ kì í pa á dé láìkà á tán, títí kan ìkéde òkú àti ìpolówó ilẹ̀. Níbí, ẹ kò lè gé mi lẹ́nu. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn òbí míì wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa tí wọ́n ń bá ọmọ wọn fa irú ọ̀rọ̀ yìí, ó lè ṣe àwọn náà lóore.

A wà dáadáa. Àsìkò tí igi páìnì ń da ìyẹ̀fun yẹ́lò sílẹ̀ la wà yìí. Ó bo mọ́tò, ó bo fèrèsé, gbogbo wa ń sín bí ẹni tó fa ata símú. Bàbá àwọn ọmọ ṣì ń bá wọn kó ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú ní College Park. Èmi náà ṣì wà ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ní Decatur, tí mo ń wo ẹ̀jẹ̀ àti itọ̀ olówó àti tálákà, tí gbogbo rẹ̀ jọra. Owó ń wọlé, owó ń jáde, a dúpẹ́. Ohun tí mi ò tíì mọ́ra ni ìdákẹ́jẹ́ ilẹ̀ yìí. Ará ilé tó kángun sí tiwa á jáwọ́ sí mi láti inú mọ́tò, á wọlé, ilẹ̀kùn á sì tì. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Ìdí nìyẹn tí àdúrà ọjọ́ Ìsinmi fi ṣe pàtàkì sí mi tó bẹ́ẹ̀. Kó tó di pé a gbéra lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a ó fi fóònù ti agolo ṣúgà lórí tábìlì, gbogbo wa á pagbo yí i ká, ẹ ó sì máa pe àwọn ọmọ lóríkì lọ́kọ̀ọ̀kan: Àkànní, Àbẹ̀kẹ́, Àjàní. Yorùbá ẹnu wọn kò dán mọ́rán, ẹ̀yin náà mọ̀, ẹ sì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti pe oríkì yẹn, ẹ̀yìn wọn á nà gbọnran. Níbí, kò sí ẹlòmíràn tó ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ bi Àbẹ̀kẹ́ pé kí ló fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì lóṣù Kẹjọ. Ó fi Yorùbá tó ní ṣàlàyé fún yín pé òun fẹ́ kọ́ bí ohun abẹ̀mí ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran, ohun tí àwọn olóyìnbó ń pè ní evolution. Ó ní ìbátan ni àwa àti ìnàkí. Ẹ ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ọmọ tí kò mọ̀ pé ewu ń bẹ. Ẹ ní, “Èmi kì í ṣe ọmọ ìnàkí.” Bí àdúrà ọjọ́ yẹn ṣe parí nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ẹ pe Àkànní, ẹ pe Àjàní. Mo yára sọ fún Àbẹ̀kẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gbé orúkọ rẹ̀ mì. Ohun tí gbogbo àwa ará òkè òkun máa ń ṣe nìyẹn: bí ọ̀rọ̀ ilé bá dùn wá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì la máa ń dá lẹ́bi. Èmi gan-an gba irọ́ náà gbọ́. Àfi bó ṣe di ọ̀sẹ̀ kejì tí fóònù mọ́ gaara, tí a ń gbọ́ adìyẹ Màmá tó ń ké lẹ́yìn ilé. Ẹ pe Àkànní, ẹ pe Àjàní. Àbẹ̀kẹ́ ti la ẹnu láti ṣe àmín. Ó pa ẹnu náà dé, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo. Nínú mọ́tò lójú títì I-20, òun tó máa ń fi orin dí wa létí kọjú sí fèrèsé títí a fi dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó dùn mí, Bàbá. Mi ò ní purọ́. Kò sẹ́ni tó kúrò nílé nínú ìdílé wa rí láìjẹ́ pé ẹ gbé àdúrà lé e lórí. Lóṣù Kẹjọ ọmọ yìí á kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú tí kò ti ní ẹnì kankan. Mi ò fẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìnàkí kúrò lọ́nà. Àbẹ̀kẹ́ kò sọ pé ìnàkí ló bí yín. Ohun tó ń sọ ni pé àwa àti àwọn ìnàkí jọ ní baba ńlá kan ní ayé àtijọ́, tí kì í ṣe ìnàkí, tí kì í sì í ṣe ènìyàn bíi tiwa. Àwọn ọmọ rẹ̀ kan gba ibí, àwọn kan gba ọ̀hún, ìran wọn sì ń yàtọ̀ síra díẹ̀díẹ̀ fún àìmọye ọdún. Inú ìyá kan náà ni ẹ̀yin àti Bàbá Kékeré ti jáde, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa sọ pé Bàbá Kékeré ló bí yín.

Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo ti gbàgbé Bàbá Àgbà lójú fàráǹdà ni. Ó rántí ìgbà tí a wá sílé, tí ọmọ tí ẹ kò rí rí á máa kọjá lọ, tí ẹ ó pè é, ẹ ó wo iwájú orí rẹ̀, ẹ ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ ó sì sọ agboolé tó ti jáde wá. Ẹ kì í sábà ṣì í. Ó ní iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ náà ń ṣe nìyẹn. Ó fi àwòrán egungun hàn mí: apá ènìyàn, ẹsẹ̀ iwájú ajá, ìyẹ́ àdán, àti lẹbẹ àbùùbùtán inú òkun. Egungun kan lókè, méjì nísàlẹ̀ rẹ̀, wẹ́wẹ́ ní ọrùn ọwọ́, lẹ́yìn náà ìka. Bàbá, kí ni àbùùbùtán fẹ́ fi ìka mú nínú omi? Àbùùbùtán tún ní egungun ìdí kékeré tí kò so ẹsẹ̀ kankan mọ́, wọ́n sì ti wú egungun àwọn baba ńlá rẹ̀ nínú àpáta, àwọn tó ní ẹsẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá yẹ ohun àjogúnbá inú ara wò, ibi tí egungun ń tọ́ka sí náà ni òun náà ń tọ́ka sí.

Ẹ ti sọ fún mi lórí fóònù pé àbá lásán ni. Àbá ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àbá tí wọ́n ti dán wò láti ibí dán wò láti ọ̀hún, tí kò tíì yẹ̀. Èmi alára ń fojú rí díẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Oògùn tó ń pa kòkòrò àìfojúrí kan nígbà tí mo dé yàrá àyẹ̀wò yẹn kò ràn án mọ́ báyìí. Kòkòrò kò lọ síléèwé. Díẹ̀ nínú wọn ni ara wọn yàtọ̀. Oògùn pa àwọn yòókù, àwọn díẹ̀ yẹn bímọ, àwọn ọmọ sì jọ wọ́n. Ẹ̀yin náà pariwo fún mi lọ́jọ́sí pé oògùn tí ẹ fi ń fín kòkó ti di omi lásán, ẹ sì ní ẹni tó tà á ló bu omi là á. Ó lè bu omi là á lóòótọ́ o, mi ò gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn kòkòrò náà dáadáa.

Àti àgbàdo yín ńkọ́? Ta ló ń mú èyí tó yọmọ jù lẹ́yìn ìkórè, tó ń so ó rọ̀ sókè ààrò kí èéfín máa fẹ́ ẹ, tó sì ní ẹni tó bá sè é jẹ á rí ìjà òun? Àgbàdo tí ẹ bá lọ́wọ́ bàbá yín kọ́ lẹ ń gbìn lónìí. Ẹ ti yàn án títí ó fi yàtọ̀. Ohun tí ọwọ́ yín ṣe sí àgbàdo ni ọ̀dá, àìsàn àti ebi ń ṣe sí gbogbo ohun abẹ̀mí: èyí tó bá yè ló ń di irúgbìn.

Bàbá, ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó kọ̀wé gan-an nìyí. Ọ̀rọ̀ Dúró àbúrò mi ni.

Gbogbo àwa tí a wà nílé nígbà yẹn mọ bí fòníkú-fọ̀ladìde ṣe ń fi í joró, pàápàá bí ọyẹ́ bá dé. Lẹ́yìn tí a sin ín, ẹ jókòó sábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìn ilé, ẹ ń bi ara yín pé, “Kí ni mo ṣe fún Ọlọ́run?” Mi ò rí i kí ẹ sunkún rí àfi ọjọ́ yẹn. Àwọn ẹbí yín ní láti ilé Màmá ni nǹkan náà ti wá, àwọn ẹbí Màmá ní láti ilé yín ni. Títí di òní, ẹ̀gbọ́n Màmá kì í jókòó ní pálọ̀ wa.

Lẹ́yìn ọjọ́ Ìsinmi kejì yẹn, Àbẹ̀kẹ́ bi mí pé kí ni Bàbá Àgbà fẹ́ mọ̀ jù láyé yìí. Mo sọ ọ̀rọ̀ abẹ́ igi ọsàn fún un. Ó ní, “Mummy, mo mọ díẹ̀ nínú ìdáhùn yẹn.”

Ó ní ní ilẹ̀ tí ẹ̀fọn ti ń fi ibà pa ọmọdé, ọmọ tó bá jogún nǹkan yìí láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo, AS tí à ń wí, ibà kì í sábà rí i pa. Irú wọn ló ń dàgbà, tí wọ́n ń bímọ, ìyẹn ni nǹkan náà kò fi parẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ní apá kan ilẹ̀ Íńdíà àti ilẹ̀ Lárúbáwá tí ibà ti pọ̀, ó wà níbẹ̀ náà. Ibi tí ibà kò ti rí àyè, ó ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n bí AS méjì bá fẹ́ ara wọn, ọmọ lè gbà á lọ́dọ̀ méjèèjì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Dúró nìyẹn. Wọ́n kọ́ wa ní gbólóhùn kan lórí rẹ̀ níléèwé, a há a sórí, a fi yege. Kó tó jáde lẹ́nu ọmọ mi, mi ò gbé e ka ara ilé wa rí.

Bàbá, ẹ máa ń sọ fún wa pé ọmọ púpọ̀ ni ìyá yín bí, pé ibà ló kó wọn lọ, tó ku ẹ̀yin àti Bàbá Kékeré. Ẹ̀jẹ̀ AS ló wà lára yín. Mi ò lè búra, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ló dá yín sí. Ẹ kò ṣẹ Ọlọ́run. Màmá kò gbé ibi wọlé. Ilé méjèèjì ló mú un wá, nítorí ilé méjèèjì ló yè bọ́ lọ́wọ́ ibà. Mo sunkún nídìí síńkì lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ara mi fúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ náà AS ni, lọ́dọ̀ mi, lọ́dọ̀ yín. Nítorí Dúró, àbúrò ìyá rẹ̀ tí kò mọ̀ rí, ló ṣe fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Níbí, wọ́n ti ń rí ọgbọ́n dá sí ohun tó bàjẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn kan, àwọn kan sì ti ń sùn láìjẹ̀rora. Ó fẹ́ wà lára àwọn tó máa jẹ́ kó dé Ìkirè.

Mi ò ní ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè yín nípa Bíbélì. Àwa náà ń jà á níyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ kò sì tíì tán. Àbẹ̀kẹ́ ní Ọlọ́run tó lè fi ìran lé ìran ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ bẹ́ẹ̀ tóbi lójú òun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ṣì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ó ku ohun kan. Màmá ní kí n má sọ ọ́; Màmá, ẹ foríjì mí. Màmá ní láàárọ̀ kùtù, tí ẹ bá dá wà ní yàrá tí ẹ ń gbàdúrà, ẹ ń pe Àbẹ̀kẹ́, ẹ sì ń pè é ju àwọn yòókù lọ.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Kí oko yín má tàsé òjò, kí oúnjẹ Màmá máa bá yín lára mu. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, títí kan adìyẹ ẹ̀yìnkùlé. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, a ó fi fóònù ti agolo ṣúgà, Àbẹ̀kẹ́ á sì jókòó sí àyè rẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Orúkọ tí Ọlọ́run ti ń gbọ́ láràárọ̀, Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ ọ.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọláṣadé