Ojú Ìwé Iṣẹ́ ní Sábó

Ọjọ́bọ̀, oṣù Kẹsàn-án, 1984

Mo tún lọ sọ́dọ̀ oníwèé ìròyìn ní Sábó. Ó máa ń jẹ́ kí àwa tá à ń wáṣẹ́ ka ojú ìwé iṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, bí àwọ̀ obì kò bá ṣáà ti sí lọ́wọ́ wa. Mo bá ìyá mi bó obì lánàá, nítorí náà mo fi ọṣẹ fọwọ́ títí.

Ẹnì kan ti mú ojú ìwé náà dání. Nígbà tó yíjú, Tíṣà tó kọ́ mi ní Ìsarà ni. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Àkọ́bí mi ni mò ń bá wáṣẹ́," wọ́n tètè sọ.

"Ọlọ́run á ṣe é, sà."

Wọ́n yá bírò mi, wọ́n kọ àdírẹ́sì kan sí àtẹ́lẹwọ́ wọn.

Puráímárì ni àkọ́bí wọn ṣì wà.