Ọkọ́ Tí Ẹ Fi Ọwọ́ Òsì Gbé Fún Mi

Bàbá mi àtàtà,

Ó ti rẹ̀ mí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, ẹ má bínú pé ó rí wúruwùru.

Apá ọ̀tún mi ti ń dùn mí láti ìgbà tí a ti ń kọ ebè iṣu. Mo kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ ló fà á, pé yóò lọ fúnra rẹ̀. Nígbà tó yá, mi ò lè fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn mọ́. Bí mo bá fẹ́ bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn, àfi kí ìyàwó mi bá mi fà á. Bí mo bá na ọ̀pá sókè láti já èso kajú, ìrora á gún mi ní èjìká bí abẹ́rẹ́. Ìyàwó mi fi òrí gbígbóná wọ́ ọ títí omi fi bọ́ lójú mi, ńṣe ló tún wú sí i.

Dókítà obìnrin kan ní ilé ìwòsàn tó wà lójú títì Pàrákú ló bá mi gbé apá náà wò. Ó ní àpò omi kékeré kan wà láàárín eegun àti iṣan èjìká tí kì í jẹ́ kí wọ́n máa ha ara wọn. Ọkọ́ tí mò ń gbé sókè sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́ ló mú un wú. Ó pè é ní búrúsíìtì. Ó ní kí n fi ọkọ́ sílẹ̀ ná, kí n máa fi aṣọ wé omi dídì lé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wọ́ ọ mọ́, kí n sì jẹun kí n tó lo oògùn tó fún mi. Bí ó bá rọlẹ̀, kí n máa fi ìka gun ògiri díẹ̀díẹ̀ bí aláǹgbá. Bí ara mi bá gbóná tàbí tí èjìká bá pọ́n, kí n tètè padà wá. Mò ń ṣe gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ìkanra.

Ó bi mí bóyá ẹnì kan ti ní irú rẹ̀ nílé wa. Mo ní kò sí. Ìgbà tí mo ń padà sílé, tí mo dé ibi ojú irin tí koríko ti bò, ni mo rántí, mo sì dúró. Ẹ̀yin ni, Bàbá.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé rédíò kúrò lára ìṣó orí ògiri wá sórí àpótí. Ẹ̀yin tí ẹ kò wọ ẹ̀wù tí kò ní bọ́tìnnì mọ́. Fìlà yín, ọwọ́ òsì lẹ fi ń dé e, a sì ń rẹ́rìn-ín pé àgbà ti dé. Ta ló ń bá yín fa ẹ̀wù lẹ́yìn tí ìyá mi kú?

Ọjọ́ tí ẹ pín oko fún mi, lójú gbogbo ẹbí, ọwọ́ òsì lẹ fi na ọkọ́ yín sí mi. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Mo gbà á, mi ò dúpẹ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń wá kí yín lórí ìdúró, tí mi ò jókòó jẹun yín, títí ẹ fi dágbére fáyé. Ojú ń tì mí, Bàbá. Kí ló dé tí ẹ ò sọ? Àbí ẹ rò pé ọmọ yín yóò ti rí i?

Láàárọ̀ àná, Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi obìnrin, ń padà sí ilé ìwé ní Pàrákú. Mo gbé àpò gààrí rẹ̀ sí i, ọwọ́ òsì ni. Ó wo ọwọ́ náà, kò gbà á. Mo mọ ojú yẹn, tèmi ni. Mo ní, “Ọmọ mi, apá ọ̀tún ló ń dùn mí. Mi ò fi àbùkù kàn ọ́.”

Kíá ló gba àpò náà, tó sì bi mí bóyá mo ti lo oògùn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, Bàbá. Ìbéèrè kan péré ni, èmi ò sì bi yín rí.

Ọkọ́ yín wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ti fi epo pa á kó má dípẹtà. Bí èjìká yìí bá san, òun ni màá kọ́kọ́ gbé.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gba ọkọ́ náà.