Fúnra Rẹ Ni Kí O Jẹ Ẹja Náà

Lagos Town,
Àkírà.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, 1960.

Àkànkẹ́ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti ìyá rẹ̀, mo sì kí èyí tó wà nínú rẹ. Ṣé ooru Tàmálè kò fìyà jẹ ọ́ jù? Àwa náà wà, a dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ Àkíbù ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ wa ni kí n kọ́kọ́ sọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n bí lọ́dún òmìnira ilẹ̀ yìí, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ti ń kọrin lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n ń fi èdè Gáà bú ara wọn. Òun ṣì ń fi ìdí wọ́ nílẹ̀. Abena aládùúgbò wa gbé e sáàárín wọn lánàá, ó ní, "Alátà kékeré," bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, "dá wa lóhùn!" Ògiri ló ń wò.

Mo ti gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó bi mí ohun tí o jẹ nígbà oyún rẹ̀. Mo ní ẹ̀kọ àti ata lásán, nítorí ìyá ọkọ rẹ ní aboyún tó bá jẹ ẹyin, olè ni yóò bí, pé àgbà ló ni ẹja. Ó ní lẹ́yìn ọmú ńkọ́? Mo ní ògì tó ṣàn bí omi. Ó mi orí. Ó ní láti inú ìyá ni ọpọlọ ọmọ ti ń dàgbà, títí yóò fi máa rìn káàkiri. Ohun tí ebi bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, oúnjẹ ìkẹyìn kì í lè dá gbogbo rẹ̀ padà. "Ẹ máa bọ́ ọ dáadáa, Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ má retí púpọ̀."

Àkànkẹ́, olè kọ́ la bí o. Ìbá ṣe pé Àkíbù lè jí ẹyin nínú àwo mi, ǹ bá jó.

Mo gbọ́ pé èèwọ̀ kan náà ni wọ́n tún kà sílẹ̀ fún ọ. Mo bá ọkọ rẹ sọ ọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ìyá òun ṣe bí òun. Kí ni kí n tún wí? Ìdí nìyẹn tí mo fi di ẹja gbígbẹ fún Àlàmú dírébà lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kó fi lé ọ lọ́wọ́. Fúnra rẹ ni kí o jẹ ẹ́. Fi ẹ̀wà sí i. Bí wọ́n bá pè ọ́ ní alájẹkì, jẹ́ wọn.

Kí Ọlọ́run sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀. Kí èyí tó ń bọ̀ dá ọ lóhùn nígbà tí o bá pè é.

Èmi ni bàbá rẹ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀,
Làmídì.

Mo tún ṣí ìwé yìí kọ kí n tó fi ránṣẹ́: Àlàmú ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Tàmálè dé. Ó ní ọkọ rẹ dúpẹ́, pé ẹja náà dùn mọ́ òun àti ìyá òun lẹ́nu. Ó ní ìwọ lo sè é, orí ìkúnlẹ̀ lo sì ti gbé e fún wọn.